Táìlì Kẹsàn-án Láti Ara Ògiri

Ní Mourevès, ìlú wa, obìnrin tí kò bá tíì fi ìda kun ilẹ̀ ilé rẹ̀ kí ọjọ́ Àjíǹde tó pé kò ní lè gbójú sókè ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bí wọ́n ṣe tọ́ Zélie Roubaud nìyẹn, bí wọ́n ṣe tọ́ èmi náà nìyẹn. Torí náà, nígbà tí ìlú ní kó wá máa ṣọ́ ilé Castanier, ayàwòrán tó ti kú, garawa àti ìda ló kọ́kọ́ bèèrè.

Òkúta ló wó pa ọkọ Zélie níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta. Kò bímọ, àwọn ará ilé ọkọ sì ti ní kó máa lọ. Yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn yàrá iṣẹ́ olóògbé náà ni ìlú fún un, kò sì ní ibòmíràn láyé yìí tó lè pè ní tirẹ̀. Láàárín ọdún kan, àwọn ará Paris tó ń wá wo ilé náà ti ń pè é ní màdáàmù, ó sì ń mú wọn káàkiri ilé bí ẹni pé òun ló bí Castanier. Wọ́n á dúró síwájú ẹ̀wù iṣẹ́ tó so rọ̀ lára ìṣó, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ẹni wà níbi òkú. Èmi tí mò ń ta búrẹ́dì ní òdìkejì òpópónà, n kò rí ohun tó wà lára ẹ̀wù ọkùnrin tó lè mú àgbàlagbà sunkún. Ṣùgbọ́n wọ́n ń sunkún.

Ohun tí wọ́n fẹ́ràn jù ni àmì ṣọ́ọ̀kì róbótó mẹ́rin tó wà nílẹ̀. Castanier ló máa ń fi ṣọ́ọ̀kì yí ẹsẹ̀ tábìlì rẹ̀ ká, pé bí ẹnikẹ́ni bá sún un, òun á mọ ibi tí òun á dá a padà sí. Zélie á tọ́ka sí i, á ní, "Ọwọ́ rẹ̀ ló ya èyí."

Irọ́ ni. Mo mọ̀ pé irọ́ ni, torí èmi ni mo bá a gbé tábìlì náà.

Àjíǹde àkọ́kọ́ tó lò níbẹ̀ ni. A fọ ilẹ̀, a fi ìda kùn ún, àwọn táìlì amọ̀ náà pọ́n, wọ́n ń dán. Ìgbà náà ni Zélie wò yíká tó rí i pé kò sí ṣọ́ọ̀kì kankan nílẹ̀ mọ́. Ojú rẹ̀ yí padà. Mo ní kó má da ara rẹ̀ láàmú. Tábìlì yẹn ti sún mọ́ ògiri jù tẹ́lẹ̀, ìdí mi kò gba ibẹ̀ kọjá pẹ̀lú garawa, ni mo bá fà á síta díẹ̀. Mo ní, "Fi síbí jàre. Ta ló máa mọ̀?" Ó kúnlẹ̀, ó ya róbótó mẹ́rin. Fún ọdún méjìlélógún, lẹ́yìn ìda Àjíǹde kọ̀ọ̀kan, ó ń tún un yà sí ojú kan náà.

Ẹni tó wá mọ̀, tí kò sì mọ̀, ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Delmarre, tó ń kọ̀wé lórí àwọn àwòrán Castanier. Ó ṣàkíyèsí pé lọ́dún tí Castanier kú, ó ń ya ilẹ̀ yàrá rẹ̀ sínú àwòrán ní táìlì kọ̀ọ̀kan, láìfo ọ̀kan. Ẹsẹ̀ tábìlì kò hàn nínú àwọn tó ti rí, ó wá ka táìlì inú yàrá láti ara ògiri títí dé àmì ṣọ́ọ̀kì: mẹ́sàn-án. Ó kọ ọ́ sínú ìwé pé àwòrán tí ẹsẹ̀ tábìlì bá hàn nínú rẹ̀ tí kò sì sí lórí táìlì kẹsàn-án, ayédèrú ni.

Bàbá Féli ní ọ̀kan. Darandaran ewúrẹ́ ni, òun ló ń gbé wàrà lọ fún Castanier ní ìgbà òtútù tó ṣáájú ikú rẹ̀, Castanier sì fún un ní àwòrán tábìlì kan pẹ̀lú aáyù lórí rẹ̀. Nínú tirẹ̀, orí táìlì keje ni ẹsẹ̀ tábìlì wà. Láti ìgbà tí ìwé yẹn ti jáde, wọn kò jẹ́ kó gbádùn. Bó bá wọ ilé kọfí, wọ́n á ní, "Ayàwòrán dé! Bàbá, ẹ ya tèmi náà fún mi." Ọmọ rẹ̀ obìnrin gbé àwòrán náà pamọ́ sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù nítorí ìtìjú. Nígbà tí bàbá náà pé ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, ó ní ohun kan ṣoṣo ni òun fẹ́ kí òun tó kú: kí ọ̀jọ̀gbọ́n wá wò ó nínú yàrá náà gan-an, kí wọ́n yé pe òun ní òpùrọ́.

Wọ́n wá ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé Àjíǹde. Òórùn ìda ṣì wà nílẹ̀. Alága ìlú wà níbẹ̀, èmi náà sì wà níbẹ̀ torí èmi ni mo gbé búrẹ́dì wá. Bàbá Féli ṣí fìlà kó tó wọlé. Ọ̀jọ̀gbọ́n kúnlẹ̀, ó ka táìlì inú àwòrán, ó dúró lórí keje. Ó ka ti ilẹ̀, ó dúró lórí kẹsàn-án.

"Ẹ rí i fúnra yín, Bàbá."

"Mo rí i," ni Bàbá Féli wí. "Ṣùgbọ́n orí tábìlì yẹn ni mò ń gbé wàrà sí."

Alága ìlú wo aago ọwọ́ rẹ̀. Mo wo Zélie. Ó di kọ́kọ́rọ́ ilé mú. Mo mọ ohun tó fẹ́ ṣe, mo sì ń bẹ̀ ẹ́ nínú ọkàn mi pé kó má ṣe é.

Ó ní, "Èmi ni mo ya ṣọ́ọ̀kì yìí. Mo nu ti Castanier nù lọ́dún tí mo débí."

Mo rí ojú ọ̀jọ̀gbọ́n, mo sì mọ̀ pé ó gbà á gbọ́. Odindi ìwé ló kọ lórí ṣọ́ọ̀kì opó kan. Ó rọra bèèrè pé, "Ta ló rí yín, Màdáàmù?"

Zélie kò wò mí. Ó ní òun nìkan ni. Èmi náà sì pa ẹnu mi dé. Àwọn tó ń wá wo ilé yẹn ló ń ra búrẹ́dì mi, ohun tí mo sọ fún ara mi nìyẹn. Ojú ń tì mí títí di òní.

Ọ̀jọ̀gbọ́n nu eruku orúnkún rẹ̀, ó ní àánú arúgbó ló ń ṣe màdáàmù, kò burú. Bàbá Féli gbé àwòrán rẹ̀ sábẹ́ abíyá, ó jáde pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, alága ìlú gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Zélie. Ilé mi ni Zélie kó wá. Kò bá mi wí lẹ́ẹ̀kan rí, ìyẹn gan-an ló ń jẹ mí níyà.

Nígbà ìkórè èso àjàrà, Bàbá Féli ní òun fẹ́ rí yàrá náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gba tíkẹ́ẹ̀tì, a tò sẹ́yìn àwọn àlejò bí ẹni tí kò débẹ̀ rí. Mo ti ń ní in lọ́kàn pé ẹsẹ̀ èrò á ti pa ṣọ́ọ̀kì yẹn rẹ́, torí kò sí Zélie tó ń tún un yà mọ́. Ọmọbìnrin tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ tọ́ka sílẹ̀. Róbótó mẹ́rin ló wà níbẹ̀, funfun báláú, lórí táìlì kẹsàn-án.

"Ọwọ́ Castanier fúnra rẹ̀ ló ya èyí," ló wí.

Zélie di apá mi mú. Bàbá Féli ń wo ilẹ̀, fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gbé ẹsẹ̀ kọjá okùn tí wọ́n ta, mo fi bàtà mi nu róbótó kan, ẹfun rẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ bàtà náà. Ọmọbìnrin náà ní kí n jọ̀ọ́, kí n má fọwọ́ kan nǹkan.

Mo ní, "Èmi ni mo fa tábìlì yìí síbí. Ó sún mọ́ ògiri ju báyìí lọ tẹ́lẹ̀, ìdí mi ni kò gba ibẹ̀ kọjá. Irọ́ kọ́ ni Bàbá Féli ń pa. Mo wà níbí ní Ọjọ́bọ̀ ọjọ́ náà, mo dákẹ́."

Gbogbo àlejò yíjú sí mi, wọ́n ń wo ìdí mi. Bàbá Féli dé fìlà rẹ̀.