Ẹni Tó Ni Káàdì Wà ní Kúbwà

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹnì kan ra fóònù olówó ńlá márùn-ún lórí ìkànnì ṣọ́ọ̀bù wa, ó fi káàdì sanwó, ó sì ní kí á kó wọn wá bá òun lẹ́nu gáréèjì Jabi, l'Ábújá níbí. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ó ti ń pè pé kí ló ń dá wa dúró.

Èmi ló ń dá a dúró. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì nìkan la ti ń tajà nígbà náà. Ilé ìkẹ́rùsí wa wà ní Idu, ọ́fíìsì sì wà lókè rẹ̀. Iṣẹ́ tèmi ni láti yẹ ọjà tí wọ́n bá fi káàdì rà wò kí ọkọ̀ tó gbé e jáde. Bí olè bá fi káàdì ẹlòmíràn rajà, tí ẹni tó ni ín sì figbe ta, báǹkì á gba owó náà padà lọ́wọ́ wa. Ọjà ní tirẹ̀ á ti lọ.

Kọ̀ǹpútà kò rí àléébù kankan nínú ti ọjọ́ náà. Orúkọ Màmá Àbẹ̀kẹ́ ló wà níbẹ̀, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tó ti rajà lọ́wọ́ wa rí. Fóònù wọn ni, káàdì wọn ni, kóòdù tí báǹkì fi ránṣẹ́ sì bá a mu. Àmọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ ni màmá rà lọ́jọ́sí, ilé wọn ní Kúbwà la sì gbé e lọ. Kí ni wọ́n fẹ́ fi fóònù márùn-ún ṣe ní gáréèjì?

Mo pe nọ́ńbà náà. Ọkùnrin kan ló gbé e.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ bá Màmá sọ̀rọ̀."

"Wọ́n ń sùn. Èmi ọmọ wọn nìyí."

"Ẹ kú ìtọ́jú wọn. Ẹ̀rọ tí wọ́n rà lọ́wọ́ wa ńkọ́, ṣé ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa?"

"Tẹlifíṣọ̀n yẹn? Ó ń ṣiṣẹ́."

Mo lọ bá ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Báyọ̀. Ọjà kò fi bẹ́ẹ̀ tà lóṣù náà, inú wọn ò dùn sí ohun tí mo sọ.

"Ọmọ mìíràn ò mọ ohun tí ìyá rẹ̀ ń rà," wọ́n ní. "Bó bá jẹ́ òótọ́, a ti sọ oníbàárà rere nù nìyẹn."

"Ẹ jẹ́ kí Wálíù kọ́kọ́ dé Kúbwà, sà. Bí màmá bá ní àwọn ló rà á, á kọjá sí Jabi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀."

"Ó dáa. Ìwọ ni wàá bẹ̀ wọ́n bí wọ́n bá bínú."

Wálíù ni awakọ̀ wa, ọmọ Kàbà. Ní gbogbo ìgbà tó fi wà lọ́nà, ara mi ò balẹ̀. Ọkùnrin yẹn ṣì ń pè, mo sì ń sọ fún un pé ọkọ̀ ń bọ̀.

Nígbà tí Wálíù pè, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Àǹtí, mo ti rí màmá. Ojú wọn wú. Wọ́n ní wan-ṣáàǹsì ni àwọn wọ̀ lánàá."

Ọkọ̀ àwọn olè tó ń ṣe bí ẹni ń kérò là ń pè bẹ́ẹ̀ l'Ábújá. Àwọn olè náà lu màmá, wọ́n gba fóònù àti káàdì, wọ́n fipá gba píìnì lẹ́nu wọn, wọ́n sì tì wọ́n sílẹ̀ lójú títì. Mo ní kí Wálíù fún màmá ní fóònù rẹ̀, wọ́n pe báǹkì, báǹkì sì ti káàdì náà pa. Ọ̀gá wa dá owó wọn padà, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ náà tó ọlọ́pàá létí. A ò gbọ́ pé wọ́n mú ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà náà, bí mo bá ń kọ́ ẹni tuntun níṣẹ́, mo máa ń ní kó gbàgbé káàdì ná, kó ronú nípa ẹni tó ni ín.

Kí ojú màmá tó jinná tán, wọ́n wá dúpẹ́ ní Idu. Mo bi wọ́n pé kí ni àwọn ọmọ wọn sọ.

Wọ́n wolẹ̀. "Mi ò tíì sọ fún wọn. Wọ́n á ní kí n má dá jáde mọ́. Èmi tí mo kọ́ ọmọ ọlọ́mọ lọ́gbọ́n, mo wá fẹsẹ̀ ara mi wọ ọkọ̀ olè."

"Màmá, olè ni mò ń ṣọ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, síbẹ̀ èmi náà ì bá wọ ọkọ̀ yẹn. Kò sẹ́ni tó kọ olè síwájú orí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Wọ́n yọ fóònù tuntun wọn jáde, wọ́n pe ọmọbìnrin wọn ní Kàdúná.

"Bọ́lá," wọ́n ní, "wá ibì kan jókòó. Mo ní ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ fún ẹ."

Mo dìde, mo sì rọra pa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn mi.