Àpótí Tí Jórinjórin Ṣe fún Àbúrò Rẹ̀

Jórinjórin kan wà ládùúgbò tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Bàbá Oníná. Kì í ṣe pé ó dàgbà púpọ̀. Iná tó máa ń ta pàràpàrà níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló fún un lórúkọ, tí àwọn ọmọ iléèwé fi máa ń fọwọ́ bojú kọjá. Géètì tó bá ṣe kì í já. Fèrèsé tó bá firin dí, olè á wò ó, á gba ibòmíràn lọ. Ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n nǹkan kan ń jẹ ẹ́ nínú tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ àfi ìyàwó rẹ̀. Ó ń jowú àbúrò rẹ̀.

Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Nígbà tí bàbá wọn kú, òun ló fi iléèwé sílẹ̀ tó lọ kọ́ṣẹ́ kí àbúrò lè máa rí oúnjẹ jẹ. Nígbà tí àbúrò náà tó kọ́ṣẹ́, ó mú un wá sí ṣọ́ọ̀bù kó wá máa jórin, ọmọ náà ní iná ń ta òun lójú, púlọ́mbà lòun fẹ́ ṣe. Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ó ní kó máa lọ, ó ní ṣaláńgá ti ń dúró dè é. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ fi ìyẹn rẹ́rìn-ín.

Àṣé ohun tó wà lẹ́yìn ọ̀fà ju òje lọ. Ilé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀, wọ́n ń kọ́ wọn lé orí ara wọn, kò sì sí ilé tí kì í wá omi. Àbúrò yìí kì í parọ́ fún oníbàárà. Tó bá so páìpù tán, á ṣí ẹ̀rọ fún wọn kí wọ́n fojú ara wọn rí i, á ní, "Omi dé." Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pè é ní Omidé. Nígbà tó yá, Omidé ra píkọ́ọ̀pù.

Kì í ṣe tuntun, ṣùgbọ́n funfun báláú ni, ẹ̀yìn rẹ̀ sì gùn débi pé ó ń gba páìpù láì yọ síta. Ilé ìyá wọn ló kọ́kọ́ gbé e lọ. Ìyá gòkè síwájú ọkọ̀, ó ń fọwọ́ nu iwájú rẹ̀ bí ẹni ń nu ojú ọmọ. Ó ní, "Orí mi, o ṣeun." Bàbá Oníná dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀jẹ̀ ló wà nínú, itọ́ funfun ló ń tu síta. Òun ló ṣe bẹ́ẹ̀dì onírin tí ìyá ń sùn lé, òun ló ri irin mọ́ ògiri balùwẹ̀ kí ìyá lè rí nǹkan dì mú kó má baà ṣubú. Kò sí èyí tí ìyá torí rẹ̀ kí orí ara rẹ̀ nínú gbogbo ìyẹn.

Láti ọjọ́ náà, ojú rẹ̀ ò kúrò lára ọkọ̀ yẹn mọ́. Ó ti mọ ìró rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ títì. Bí Omidé bá ní kó wọlé kóun gbé e lọ, á ní òun fẹ́ na ẹsẹ̀. Àwọn ará àdúgbò náà ò bá a mú un ní kékeré, ńṣe ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Ẹ̀gbọ́n Onípíkọ́ọ̀pù.

Ìyàwó rẹ̀ wò ó títí lọ́jọ́ kan. Ó ní, "Bàbá àwọn ọmọ, ṣé ọkọ̀ yẹn ló gba oúnjẹ lẹ́nu yín ni?"

"Kí ló kàn mí kan ọkọ̀ ọlọ́kọ̀?"

"Ẹ ò tíì dárúkọ nǹkan mìíràn látàárọ̀."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Omidé wà lókè ilé oníbàárà, ó ń so ẹ̀rọ ìwẹ̀. Kó tó sọ̀ kalẹ̀, àwọn olè ti fọ́ gíláàsì ẹ̀yìn ọkọ̀. Wọ́n gbé dírílì, wọ́n gbé ẹ̀rọ ìgépáìpù, wọ́n sì ti tú abẹ́ sítíárì wò bóyá wọ́n lè gbé ọkọ̀ náà pàápàá lọ. Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló gbà lọ tààrà.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti ṣe mí léṣe."

Bàbá Oníná gbé awò dúdú kúrò lójú. Bó ṣe rí gíláàsì fífọ́ lórí àga, nǹkan kan tutù nínú rẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Inú rẹ̀ dùn. Lẹ́yìn náà ojú tì í pé inú òun dùn, ìtìjú yẹn kò sì pẹ́ tó fi di ìbínú.

"Kí ló dé tóo fi gbé e síbi tójú rẹ ò tó?"

"Ojú mi ò lè wà lára páìpù kó tún wà lára ọkọ̀. Ẹ bá mi dí i, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin ni mo mọ̀."

Ó bá a dí i. Ó fi irin dábùú gíláàsì ẹ̀yìn. Ó rọ ọ̀pá kan tó ń so sítíárì mọ́ bíréèkì, tí a fi ń tì í pa bí a bá sọ̀ kalẹ̀. Ó pe rẹwáyà tó ń ṣe iná ọkọ̀, ó ní kó fi súwíìṣì kékeré kan pamọ́ síbi kan, kó jẹ́ pé epo ò ní dé ẹ́ńjìnnì bí a ò bá kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ló wá ṣe àpótí irin ńlá fún irinṣẹ́, ó sì dè é mọ́lẹ̀ láti abẹ́ ọkọ̀. Ó fi páànù tó nípọn bo ibi tí àgádágodo wà, tó jẹ́ pé ọwọ́ tó mú kọ́kọ́rọ́ nìkan ló lè wọ ibẹ̀.

Ó wá ku ìnjìsì tí ìdérí yóò máa fi ṣí. Ìta ló fi í sí. Ẹni tó bá ti ní ìṣó àti òòlù lè gbá irin àárín rẹ̀ jáde, kó gbé ìdérí kúrò, kí àgádágodo ṣì wà ní títì. Bàbá Oníná mọ èyí bó ṣe mọ orúkọ ara rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dúró díẹ̀. Ó wo ọkọ̀ funfun yẹn tó ń dán nínú oòrùn, ó fi awò bojú, ó sì tanná sí i.

Omidé fọwọ́ pa àpótí náà. "Ẹ̀gbọ́n, báńkì gan-an ò ní irú èyí."

Bàbá Oníná ní kó máa gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ, òun ní iṣẹ́ mìíràn.

Láti ìgbà náà, bó bá ti gbọ́ ìró píkọ́ọ̀pù, á yọjú wò ó bóyá ìdérí ṣì wà níbẹ̀. Bó bá rí i níbẹ̀, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀, inú rẹ̀ á tún bàjẹ́ díẹ̀. Kò mọ èwo lòun ń fẹ́ nínú méjèèjì.

Omidé ò panu mọ́ ní tiẹ̀. Gbogbo ibi tó bá ti ń ṣiṣẹ́ ló ti ń pọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Báyìí ni ọkùnrin kan tó ń tẹ́ táìsì sílẹ̀ ilé ṣe gbé píkọ́ọ̀pù tirẹ̀ wá, ó ní irú ti Omidé lòun fẹ́. Bàbá Oníná ṣe é. Kò jowú ẹni yìí, nítorí náà ọwọ́ rẹ̀ ṣe ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe. Inú ló fi ìnjìsì sí.

Ọjọ́ tí onítáìsì wá gbé ọkọ̀ rẹ̀ ni Omidé yà wá kí ẹ̀gbọ́n. Onítáìsì ń rìn lọ rìn bọ̀ láàárín ọkọ̀ méjèèjì bí ẹni ń yan aṣọ.

Ó ní, "Ọ̀gá, tèmi yìí dáa o. Àmọ́ kí ló dé tí ìnjìsì tèmi wà nínú, tí ti Omidé wà níta? Ẹni tó bá ti ní ìṣó ti ṣí tiẹ̀ nìyẹn."

Omidé lọ síbi àpótí rẹ̀, ó fi ìka kan irin náà. Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò kíyè sí i ni?"

Irọ́ ti wà létè Bàbá Oníná. Ó gbé e mì. "Mo kíyè sí i."

"Nígbà tí ẹ ń ṣe é?"

"Nígbà tí mò ń ṣe é."

Onítáìsì rántí lójijì pé wọ́n ń retí òun níbì kan. Omidé náà wọnú ọkọ̀ rẹ̀, kò fi ìbínú ti ilẹ̀kùn, ó rọra wà á lọ.

Ọ̀rọ̀ dé etí ìyá. Ìyá ránṣẹ́ pe àkọ́bí rẹ̀, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì onírin yẹn dè é.

"Bíkú ilé ò pani, tòde ò lè pani," ìyá ló sọ bẹ́ẹ̀. "Kí ni ọmọ yẹn gbà lọ́wọ́ rẹ?"

"Lọ́jọ́ tó gbé ọkọ̀ dé, ẹ ní orí yín ṣeun. Ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ nítorí mi rí."

Ìyá ní, "Irin tí mò ń dì mú ní balùwẹ̀ láràárọ̀, ta lo rò pé mò ń ṣàdúrà fún bí mo bá dì í mú? O ò sí níbẹ̀ kóo gbọ́ ni. Èmi ni mo jẹ̀bi ìyẹn. Ti àpótí, ìwọ lo jẹ̀bi. Lọ tún un ṣe."

Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ bá Omidé níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Ó dúró dè é títí tó fi jáde láti abẹ́ bésìnnì ìfọwọ́. Ó ní, "Mo wá tún un ṣe." Omidé yọ kọ́kọ́rọ́ àpótí fún un, ó fi ti ọkọ̀ sí àpò. Bàbá Oníná yá iná lọ́wọ́ àwọn bíríkìlà, ó gé ìnjìsì ìta kúrò, ó sì jó tuntun mọ́ inú. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, Omidé dúró tì í, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ìyẹn dun ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ju bí ì bá ṣe bú u lọ.

"Owú ni àbí kí ni?" Omidé bi í.

"Owú ni. Ọkọ̀ náà wù mí. Ó ṣì ń wù mí bí mo ṣe dúró yìí."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi oúnjẹ sí mi lẹ́nu?"

"Ohun tó mú un dùn mí jù nìyẹn."

Omidé gba kọ́kọ́rọ́ àpótí padà lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Bàbá Oníná gbọ́ lẹ́nu rẹwáyà pé àbúrò òun ti ní kó gbé súwíìṣì yẹn síbòmíràn. Ó ní ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Kò bi í níbi tó gbé e sí.

Wọ́n pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó tún máa bá ara wọn ṣàwàdà. Àwọn olè tún wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé ìwòsàn. Wọ́n tẹ irin gíláàsì ẹ̀yìn wọnú, wọ́n gbá àpótí títí, wọ́n sì fi í sílẹ̀. Omidé gbé ọkọ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń ròyìn bí àwọn bíríkìlà ṣe sá tẹ̀ lé wọn tí sìmẹ́ńtì ń jábọ́ lára wọn, ẹ̀rín sì pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó na irin náà tó fi tọ́, ó fi ọ̀dà kùn ún.

Nígbà tí Omidé wà á lọ, Bàbá Oníná dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó títí tó fi yà ní kọ́nà.

"Ọkọ̀ yẹn dáa," ó wí fún ìyàwó rẹ̀ tó gbé oúnjẹ wá fún un.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Ó dáa lóòótọ́," ó sì gbé omi fún un kó fọwọ́.