Ọjọ́ Tí Aṣọ Funfun Màámi Pọ́n Bíi Tíì

Ọjọ́ Àìkú tí aṣọ iṣẹ́ màámi bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ kò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kó láti Èkó wá sí àdúgbò Lotto, ní Mówe. Ọjọ́ kejì ni màámi yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí wọ́n ti ń wá láti ọjọ́ pípẹ́.

Nígbà tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, màámi pọn omi kànga, wọ́n da bílíìṣì sí i, wọ́n sì rẹ yúnífọ́ọ̀mù wọn sínú rẹ̀, bí a ti máa ń ṣe ní Èkó. Aṣọ náà pọ́n bíi tíì. Wọ́n tún da bílíìṣì sí i, ló bá tún pọ́n sí i. Màámi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, wọ́n ń sunkún.

Mo wá rántí ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì ilé ẹ̀kọ́ mi tuntun. Olùkọ́ wa ti sọ pé irin pọ̀ nínú omi àdúgbò yìí, bílíìṣì ló sì ń jẹ́ kó dípẹtà sára aṣọ. Olùkọ́ náà tún ní pé kí wọ́n tó máa ta ásíìdì nínú ìgò, omi èso kíkan ni àwọn ará ìgbàanì fi ń bó ìpẹtà.

Mo kúnlẹ̀. "Màámi, ẹ jẹ́ kí n fi ọsàn wẹ́wẹ́ gbìyànjú."

"Ṣáà ṣe é, ọmọ mi. Kí ló tún kù tó fẹ́ bàjẹ́ níbẹ̀?"

Mo kọ́kọ́ fi omi òjò ṣan bílíìṣì kúrò lára aṣọ náà dáadáa, mo fún ọsàn sí i, mo bu iyọ̀ lé e, mo sá a sóòrùn, mo sì tún fi omi òjò ṣàn án. Díẹ̀díẹ̀, aṣọ náà funfun padà.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, màámi wọ yúnífọ́ọ̀mù wọn, ó ṣì ń ta sánsán ọsàn.

"Ẹ káàárọ̀, nọ́ọ̀sì," ni mo kí wọn.

Wọ́n fà mí mọ́ra, wọ́n ní kí n tún kí wọn bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.