Wáìfáì Tí Abdulsobur Fà sí Ilé Àáfà

Bí ẹ bá dé àdúgbò Fate ní Ìlọrin tí wáìfáì ilé yín ń ṣe ségesège, Abdulsobur ni wọn yóò júwe fún yín. Ọmọ Pákátà ni, ilé kéú Bàbá Àáfà Abdulmumini ló sì ti kàwé kí ó tó lọ kọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ. Ó mọṣẹ́, ó sì láájò. Àbùkù kan ló ní, bẹ́ẹ̀ ìwà ọmọlúàbí ni àwa ará Ìlọrin ń pè é: kò lè wo ojú àgbà kí ó ní, "Rárá."

Nígbà tí Alhaja Husseinat, ìyàwó Bàbá, fẹ́ kí àwọn ẹlẹ́hàá agboolé tí kì í jáde náà máa gbọ́ wáàsí àwọn obìnrin lórí fóònù nínú yàrá wọn, Abdulsobur ni wọ́n ránṣẹ́ pè. Màsúdát, ọmọbìnrin tó ń ran Alhaja lọ́wọ́, ni yóò máa gba ohùn sínú àpótí kékeré kan tó so mọ́ ẹ̀rọ wáìfáì. Kì í ṣe wáàsí nìkan ló wà níbẹ̀ o. Ìbéèrè tí àwọn obìnrin bi Alhaja ní ìkọ̀kọ̀ náà wà níbẹ̀, kí ó lè tún un gbọ́, kí ó sì ro èsì dáadáa. Ọ̀rọ̀ inú yàrá ló pọ̀ jù nínú wọn.

Iṣẹ́ náà ì bá rọrùn, bí kì í bá ṣe ti láńtọ́ọ̀pù Bàbá. Tahir, àkọ́bí wọn tó ti di olóògbé, ló rà á bọ̀ láti Jẹ́dà ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn. Lọ́ọ̀kì wáìfáì àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní WEP nìkan ni ẹ̀rọ náà mọ̀. Ó yẹ kí lọ́ọ̀kì yìí máa da ọ̀rọ̀ rú nínú afẹ́fẹ́ kí ẹni tó bá gbà á lọ́nà má lè tú u, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí aráyé ti mọ bí wọ́n ṣe ń tú u. Ẹni tó ní kọ̀ǹpútà àti sùúrù díẹ̀, tó bá jókòó sẹ́yìn ògiri yín, yóò rí kọ́kọ́rọ́ náà fúnra rẹ̀. Abdulsobur mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó tiẹ̀ ti lanu láti sọ ọ́.

"Ṣé yóò ṣeé ṣe, ọmọ mi?" Bàbá bi í. Ọwọ́ wọn wà lórí láńtọ́ọ̀pù náà.

"Yóò ṣeé ṣe, Bàbá, ín-ṣà-Àlláhù."

Ta ni yóò sọ fún arúgbó pé kí ó gbé ohun tí ọmọ rẹ̀ fi sílẹ̀ kó tó kú sọnù? Abdulsobur wá gbogbo Ìlọrin kiri títí ó fi rí ẹ̀rọ àlòkù tó ṣì gba lọ́ọ̀kì àtijọ́ yẹn. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló la ògiri, wọ́n tún ṣàdúà fún un lé e lórí.

Ọmọkùnrin kan tó háyà yàrá ní ilé kejì ló tú lọ́ọ̀kì náà nítorí dátà ọ̀fẹ́. Dátà ló ń wá, ohùn ló bá pàdé. Kò pẹ́ tí ìbéèrè tí Asabe, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà, bi Alhaja nípa ọkọ rẹ̀ fi ń lọ láti fóònù dé fóònù lórí Wáásáàpù, títí dé Òkè-Oyi. Ó dé etí ọkọ rẹ̀, Asabe sì kó ẹrù padà sílé bàbá rẹ̀.

"Màsúdát ni!" àwọn obìnrin ní. Ta ló tún ń tọ́jú ohùn? Wọ́n ní kí ó má wá sí wáàsí mọ́. Ìyá rẹ̀ kí àwọn aládùúgbò, wọn ò dá a lóhùn.

Oníbàárà kan ló tan ohùn náà lórí fóònù sí Abdulsobur létí ní ṣọ́ọ̀bù. Abdulsobur dá ohùn Alhaja mọ̀. Ó gba Pákátà lọ, ó jókòó sínú ọkọ̀ lẹ́yìn ilé Àáfà, ó fi kọ̀ǹpútà dán lọ́ọ̀kì náà wò. Kí tíì tó rà tó tutù, wáìfáì ti ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ǹjẹ́ ẹ mọ ohun tó ṣe? Ó wọlé, ó ní eruku ni òun wá nù. Ó yọ ẹ̀rọ àlòkù náà, ó fi tuntun tí lọ́ọ̀kì rẹ̀ múná rọ́pò rẹ̀, ó sì panu mọ́. Ìtìjú kékeré tó sá fún lọ́jọ́ kìíní ti bí ńlá, ó tún ń sá fún ìyẹn náà.

Bó ṣe ń jáde, ó rí Màsúdát níwájú ilé wọn, òun nìkan.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bùrọ̀dá," ó wí.

Abdulsobur wo ilẹ̀, ó sì yára wọ ọkọ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ọ̀, Bàbá pè wọ́n jọ: Alhaja, Màsúdát àti ìyá rẹ̀, pẹ̀lú Abdulsobur.

"Ìwọ lo mọ ẹ̀rọ," Bàbá wí. "Ṣé ẹlòmíràn lè wọlé gba ohùn wa, àbí ọmọ yìí ni?"

Abdulsobur kúnlẹ̀. Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, ti lọ́ọ̀kì, ti eruku irọ́.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi lọ́jọ́ náà?"

"Ojú yín ni mo wò, Bàbá. Nítorí Tahir."

Bàbá mi orí. "Ó ti pẹ́ tí ojú mi ò ti rí lẹ́tà inú láńtọ́ọ̀pù yẹn mọ́. Nítorí làálàá tí o ṣe ni mo ṣe máa ń ṣí i bí o bá wá."

Ilẹ̀ ò lanu kí Abdulsobur kó sí i. Ìgbà yẹn ni Màsúdát sọ̀rọ̀. Kò pariwo.

"Bùrọ̀dá, ẹ ò lè sọ fún Bàbá pé láńtọ́ọ̀pù wọn ti gbó. Ṣùgbọ́n ẹ lè dákẹ́ kí wọ́n máa pe èmi ní olófòófó lójú ìyá mi."

Ó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú, wọ́n jáde. Abdulsobur wà lórí ìkúnlẹ̀. Kò sí ẹni tó ní kí ó dìde.