Àtẹ́lẹwọ́ Méjì Tí A Kùn Sára Ògiri Mi

Ẹ yá mi létí yín díẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi tí ẹ wà nínú fóònù yìí. Ohun tójú mi rí ní Cacaveli, ní Lomé níbí, nínú ilé ara mi, ni mo fẹ́ ròyìn. Èmi ò mọ̀wé o! Ràfíà ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ fi iyọ̀ tirẹ̀ kún un.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé ọṣẹ là ń sè. Àwa obìnrin mélòó kan ni, àgbàlá mi la sì ti ń ṣe é. Òjò a máa pa wá, iná a máa kú mọ́ wa lọ́wọ́, kí ẹgbẹ́ òyìnbó kan tó gbọ́ nípa wa. Wọ́n bá wa kọ́ àtíbàbà onípáànù, wọ́n ra ìkòkò irin ńláńlá fún wa. Wọn ò ní ká san án padà. Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ láyé ìsinsìnyí?

Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n béèrè. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ fún wọn, Mùsíò Kòfí, gbé pátákó kékeré kan wá. Àmì ẹgbẹ́ náà, èyí tí wọ́n ń pè ní lógò, wà lára ẹ̀: àtẹ́lẹwọ́ méjì aláwọ̀ aró tó gbé oòrùn pupa. Ọ̀rọ̀ Faransé wà nísàlẹ̀. Ó kà á fún wa, ó ní ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé àwọn ló ràn wá lọ́wọ́ láti kọ́ àtíbàbà náà. Ó kàn án mọ́ òpó. Ó ní ibẹ̀ ni kó wà, àti pé bí a bá fẹ́ lo àmì náà níbòmíràn, ká kọ́kọ́ pe òun.

A ní a ti gbọ́. Mùsíò, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun!

Nígbà tó lọ tán, Sábítíyù, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń ro ọṣẹ, fọwọ́ lẹ́rán. Ó ní ṣé pátákó tí kò tó ọpọ́n ayò yìí la fẹ́ fi dúpẹ́? Ó ní bí èèyàn bá fún ọ láṣọ, ṣé inú yàrá lo ti máa wọ̀ ọ́? Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ẹni a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Àti pé nílé wa, ẹni tó bá ràn wá lọ́wọ́ ṣe ìnáwó, àwòrán ẹ̀ la máa ń tẹ̀ sára abọ́ tí a bá pín. Kí gbogbo ayé rí i! Bí àwa ṣe ń dúpẹ́ nìyẹn.

A wá pe akùnlé. A ní kó kun àtẹ́lẹwọ́ méjì náà sí ògiri tó kọjú sí títì, kó tóbi gan-an. Akùnlé béèrè nípa ọ̀rọ̀ tó wà nísàlẹ̀, ó ní ṣé kí òun kọ ọ́? Èmi ni mo dá a lóhùn. Mo ní kó yọ ọ̀rọ̀ kúrò, ó ń jẹ àyè, ta ló fẹ́ kà á nínú wa? Àwa tí a ò kàwé, àwòrán la fi ń mọ ilé. Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ ọ́ o!

Ó kùn ún tán, ó sì rẹwà. Àmọ́ nígbà tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ kàn án, pupa àárín yẹn ń dán bí ẹ̀jẹ̀ tútù. Mi ò mọ ìdí ẹ̀, mi ò kàn lè wò ó pẹ́.

Kò pẹ́, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dúró. Wọn ò kí wa, wọn ò ra ọṣẹ. Wọ́n á dúró lódìkejì títì, wọ́n á wo ògiri náà, wọ́n á lọ. Mo rí obìnrin kan tó ń nàka sí i fún ọmọ ẹ̀, bí ẹni ń fi ọ̀nà han èèyàn. Àwọn ọlọ́kadà tó ń gbé èrò, tí à ń pè ní zémi, ti sọ ìkóríta wa ní Àtẹ́lẹwọ́.

Lọ́jọ́ kan ni bàbá arúgbó kan wá jókòó sábẹ́ ògiri láti òwúrọ̀. Mo bi í pé ta ló ń retí. Ó ní dókítà ni.

Sábítíyù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ó na ikùn sí mi: "Dókítà Ìyá Múfú, ẹ bá mi tẹ ibí wò, jọ̀ọ́! Ṣé ẹ̀wà àná ni àbí oyún?" Pẹ̀lú ọjọ́ orí ẹ̀! Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Bàbá yẹn kò rẹ́rìn-ín. Ó fa ara ẹ̀ dìde, ó ń tẹ̀ lé ògiri lọ díẹ̀díẹ̀, a ò sì rí i mọ́. Títí di òní, mi ò mọ ohun tó ń ṣe é.

Ràfíà ní, Màmá àgbà, ẹ jẹ́ ká pa nǹkan yìí rẹ́. Mo ní kó jẹ́ kí ọdún Iléyá kọjá, kí àlejò lè rí i. Ọdún ò tíì dé tó fi ṣẹlẹ̀.

Ọ̀sán gangan ni. Zémi kan já obìnrin kan sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa, ọmọ wà lẹ́yìn ẹ̀. Ọ̀dọ́ ni, ará ìhà Atakpamé. Èdè Ifẹ̀ tiwọn, tó jọ Yorùbá wa, ló ń sọ, a sì ń gbọ́ra wa. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó tú ọ̀já, ó tẹ́ ọmọ sórí ẹní mi. Yéè! Ara ọmọ náà ń jó bí iná, ojú ẹ̀ ti yí sókè, ọwọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ ń gbọ̀n. Gìrì ti mú un!

Ó ní níbo ni dókítà wà.

Mo ní, "Ọmọ mi, kò sí dókítà níbí. Ọṣẹ là ń sè. Gbé ọmọ ẹ, ká lọ sí ọsibítù!"

Kò mira. "Ìyá, ẹ má fi mí ṣeré. Mo mọ àmì yín. Abẹ́ àtẹ́lẹwọ́ yìí ni wọ́n ti gba ẹ̀gbọ́n ẹ̀ là lábúlé wa."

Àṣé ẹgbẹ́ òyìnbó yẹn náà ló kọ́ ilé ìwòsàn sí abúlé wọn! Obìnrin yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Lomé ni, kò mọ ìwé bíi tèmi. Ó sọ fún zémi pé kó gbé òun lọ síbi àtẹ́lẹwọ́, zémi sì mọ̀ ọ́n. Ẹ gbọ́ o: ẹnu ọ̀nà ọsibítù gan-an ni wọ́n gbà kọjá kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi! Ó rí ọsibítù, ó kọjá ẹ̀, torí kò rí àtẹ́lẹwọ́ lára ògiri ẹ̀.

Bí mo ṣe ń bẹ̀ ẹ́ pé ká máa lọ, bẹ́ẹ̀ ló ń rò pé a ń lé òun ni. Ó ní ṣé torí òun jẹ́ ará oko ni? Ó kúnlẹ̀ níwájú Sábítíyù, ó di ìró ẹ̀ mú. Ọmọ náà dédé dákẹ́. Kò gbọ̀n mọ́. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù! Mo gbé e, èmi arúgbó, mo sáré sí títì. Ìgbà tí ìyá ẹ̀ rí i pé mo ń sunkún ló tó tẹ̀ lé mi.

Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì bi wá pé kí ló mú wa pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ọmọ náà ò kú. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo lọ wò ó, mo na ọwọ́ sí i, ojú ẹ̀ kò tẹ̀ lé ọwọ́ mi. Mo pàtẹ́wọ́, kò yíjú. Dókítà ní ká ṣì máa wò ó ná. A ṣì ń wò ó. Ìyá ẹ̀ ò bú mi, ńṣe ló ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi! Ẹ̀yin èèyàn mi, ì bá sàn kó gbá mi létí.

Nígbà tí Mùsíò Kòfí dé, kò pariwo. Ó dúró síwájú ògiri, ó gbọ́wọ́ lérí. Ó ní láwọn abúlé, àwọn fúnra àwọn ló ń kọ́ èèyàn pé ibi tí wọ́n bá ti rí àtẹ́lẹwọ́, oògùn wà níbẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ tí a yọ kúrò yẹn ló ń sọ pé wọ́n ràn wá lọ́wọ́. Àwòrán nìkan, láìsí ọ̀rọ̀, ohun tó ń sọ ni pé àwọn gan-an ló wà nínú ilé.

Akùnlé ti fi ọ̀dà funfun bò ó. Àmọ́ ta ló lè fi ọ̀dà bo ẹnu àwọn zémi? Àtẹ́lẹwọ́ ni wọ́n ṣì ń pe ìkóríta wa. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé àga mi síta. Láti òwúrọ̀ ni mo ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà báyìí. Tí mo bá ti gbọ́ ìró zémi tó ń rọra dúró, màá dìde: ta ni wọ́n tún gbé wá?

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹnìkan bá ṣe yín lóore, ẹ dúpẹ́ bó ṣe ní kẹ́ ẹ dúpẹ́, níbi tó ní kẹ́ ẹ ti dúpẹ́. Àmì olóore kì í ṣe ọ̀ṣọ́ ilé. Ohun tẹ́ ẹ fi ṣe ẹwà, ẹlòmíràn lè máa fi wá ẹ̀mí ọmọ ẹ̀ kiri.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ ti lẹ àmì ẹlòmíràn mọ́ nǹkan yín rí, tó di wàhálà? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, Ràfíà á kà á fún mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì wà ní Lomé, ẹ dákun, ẹ bá mi sọ fún zémi yòówù tẹ́ ẹ bá gùn lónìí: ilé ọṣẹ ni. Kò sí oògùn níbẹ̀.