Jímọ́ọ̀ Tí Kò Gbà Pé Ilẹ̀ Ń Fa Nǹkan

Ẹni tó bá mọ olóògbé Jímọ́ọ̀ ní Ẹ̀jìgbò, ọ̀rọ̀ ọmọlanke ni yóò kọ́kọ́ sọ fún ọ. Ọjọ́ Àìkú kan ni. Òun àti Wàlíyátù, ìyàwó rẹ̀, ń ti ọmọlanke iṣu bọ̀ láti oko ọ̀nà Isundunrin. Ìkómọ ọmọ-ọmọ wọn ni wọ́n fẹ́ fi iṣu náà ṣe lọ́jọ́ kejì. Wọ́n sinmi lórí òkè, wọ́n fi òkúta há táyà. Nígbà tó yá, Jímọ́ọ̀ ní kí Wàlíyátù yọ òkúta. Ìyẹn bi í pé ta ni yóò wà níwájú tí yóò dá ẹrù dúró.

"Dá kí ni dúró? Ẹrù tó wúwo, àgbà ni. Àgbà kì í sáré."

Wàlíyátù tó kàwé dé ìwé mẹ́fà sì yọ òkúta. Títí dòní, tó bá ń sọ ọ́, orí ara rẹ̀ ló máa ń gbá. Ó ní wèrè kan kì í dá ti ọmọlanke.

Àgbà sáré lọ́jọ́ náà. Jímọ́ọ̀ ń sá tẹ̀ lé e, ó ń pariwo "dusumọ́ọ̀, dusumọ́ọ̀", Faransé tó kó bọ̀ láti Àbíjàn, pé kí ó rọra. Ọmọlanke ò gbọ́ Faransé. Ó já wọ ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì kan nísàlẹ̀ òkè, ó forí sọ òkìtì iyanrìn. Ìkórè ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Kí Jímọ́ọ̀ tó mí délẹ̀, àwọn ìyá ìjọ ti yí i ká, wọ́n ń ṣàdúrà fún mùsùlùmí ọlọ́kàn rere tó gbé iṣu wá fún Olúwa.

Ì bá kàn sọ pé ẹrù já mọ́ òun lọ́wọ́ ni. Ó wo iṣu, ó wo ìyàwó rẹ̀ tó ń mí hẹlẹ bọ̀, ó tún fìlà dé.

"Mo ní kó má pẹ́ jù ni mo ṣe sáré," ó ní.

Ìrẹsì ni wọ́n fi ṣe ìkómọ.

Látọjọ́ náà, gbólóhùn kan ṣoṣo ni Wàlíyátù ń retí lẹ́nu ọkọ rẹ̀: pé nǹkan ju agbára òun lọ. Ó búra pé òun ò ní kú láìgbọ́ ọ.

Nígbà tí Jímọ́ọ̀ já bọ́ láti orí àkàbà, Wàlíyátù sáré dé ibẹ̀, ó ní ó di dandan kó sọ ọ́ báyìí. Jímọ́ọ̀ dùbúlẹ̀ gbalaja, ó ní òun ti fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Rùkàyyàt, ọmọ wọn tó jẹ́ tíṣà, ló wá là á yé e pé ilẹ̀ ló ń fa gbogbo nǹkan, àti wúwo àti fífúyẹ́, pé bákan náà ni wọ́n ń já bọ́. Jímọ́ọ̀ ní irọ́ funfun ni. Ó gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì aládùúgbò, ó fi àgbọn sọ́wọ́ kan, ó fi àwùsá sọ́wọ́ kejì, ó jù wọ́n sílẹ̀. Gbì! Wọ́n jọ balẹ̀ ni. Gbogbo ojú yí sókè, ó di ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Ẹ̀yin náà ò rí i?" ó ní. "Ọmọdé ò dá rìn. Àgbà ló fà á lọ́wọ́."

Wàlíyátù tó ti múra ìjà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n ṣáà wo ohun tí òun fi ṣe ọkọ.

Lọ́dún tó kọjá, àìsàn mú Jímọ́ọ̀ lẹ́sẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó fẹ́ dìde kírun Alásàrí, kò lè dìde. Ó na ọwọ́ sí ìyàwó rẹ̀.

"Wàlíyátù, ilẹ̀ yìí ń fà mí o. Ó ju agbára mi lọ. Dì mí mú."

Wàlíyátù sáré bẹ̀rẹ̀. Ó fi apá méjèèjì gbá a mọ́ra.

"Irọ́ lẹ ń pa, Bàbá Rùkàyyàt. Ilẹ̀ kì í fa nǹkan kan."

Jímọ́ọ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ti fúyẹ́ púpọ̀. Wàlíyátù dì í mú ṣinṣin, ṣùgbọ́n kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ní ká ní òun mọ̀ ni, òun ì bá má gbọ́ gbólóhùn yẹn láéláé, kí ọkọ òun ṣáà ṣì wà níbẹ̀, kó máa bá òun jiyàn.