Ọkùnrin Tó Ń Kun Dáàmù Lọ́dà

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kì í rìn lórí dáàmù, ó máa ń yan lórí rẹ̀ ni. Ẹ bá rí i láàárọ̀ nígbà náà, yunifọ́ọ̀mù funfun lọ́rùn, fìlà lórí, ọwọ́ méjèèjì lẹ́yìn, bí ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ da omi yẹn síbẹ̀. Adágún tí èèyàn lè dúró létí rẹ̀ kó kí ẹni tó wà lódìkejì! Ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ló ni ín. Wọ́n fi ògiri iyẹ̀pẹ̀ gíga kan sé odò kékeré, òun là ń pè ní dáàmù, omi sì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Tó bá di òpin ọ̀sẹ̀, wọ́n á wá wa ọkọ̀ kiri, wọ́n á lúwẹ̀ẹ́, wọ́n á jẹun lábẹ́ agboòrùn. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń tọ́jú gbogbo rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ti gun ògiri yẹn pẹ́nrẹ́n, á ti kígbe, "Ẹ sọ̀kalẹ̀!" Kò pẹ́ tí àwọn èèyàn fi gbàgbé orúkọ tí bàbá wa sọ ọ́. Ẹ Sọ̀kalẹ̀ ni wọ́n ń pè é, títí kan ìyàwó rẹ̀ nígbà tí inú bá ń bí i.

Ilé tí ẹgbẹ́ fún un wà nísàlẹ̀ dáàmù gan-an. Tí ẹ bá ṣí fèrèsé ẹ̀yìn, koríko ara ògiri lẹ máa rí, ẹ ò ní rí ojú ọ̀run. Nígbà tí ọkọ mi kú, ibẹ̀ ni mo kó lọ, sí yàrá kékeré ẹ̀yìn tó fara ti dáàmù. Àwọn ọmọ ti lọ síbi tí kálukú ti ń ṣiṣẹ́, àwa mẹ́ta la kù. Ìyàwó wa, ìyẹn ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, kò fajú ro sí mi lọ́jọ́ kan. Ẹnu ló ní. Èmi náà ò sì yadi.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe ọ̀lẹ. Ìmọ́tótó rẹ̀ ló fẹ́ pa wá. Lọ́dọọdún ni ìjọba máa ń rán ẹnjiníà wá yẹ dáàmù wò, ẹ̀gbọ́n mi sì sọ ọ́ di pé àlejò pàtàkì ń bọ̀ wá kí òun nílé. Á gé koríko. Á kun gbogbo irin tí èèyàn lè fọwọ́ kàn lọ́dà. Irin róbótó orí dáàmù tí wọ́n fi ń ṣí ìlẹ̀kùn omi, ìyẹn ibi tí adágún ń gbà ṣàn jáde, á kun ún ní pupa, á dúró kó gbẹ, á tún kun ún kó lè dán. Ibì kan wà lẹ́sẹ̀ dáàmù, lẹ́yìn ilé wa, tí omi ti máa ń sun jáde díẹ̀díẹ̀. Ṣé àlejò á wá ti bàtà bọ ẹrẹ̀? Ká má rí i! Á da yanrìn sí i, á to òkúta wẹ́wẹ́ lé e, á wá gbé ìkòkò òdòdó ka orí ẹ̀. Ẹnjiníà àgbà tó máa ń wá tẹ́lẹ̀ á wò yíká, á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ibí yìí mà dára," á mu omi tútù, á wọ mọ́tò rẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n mi á máa dá rẹ́rìn-ín kiri ilé.

Bí àlejò bá ti lọ tán, a máa ń kó òdòdó kúrò, a ó gbé báàkẹ́ẹ̀tì sábẹ́ omi tó ń sun yẹn, òun la fi ń fọṣọ. Omi tó mọ́ kedere, tí a ò rìn jìnnà pọn! A tiẹ̀ máa ń dúpẹ́.

Ọdún tí mò ń sọ yìí, yunifọ́ọ̀mù funfun yẹn ò funfun mọ́. Bí a bá ti sá a, á gbẹ tán, á pọ́n bí èyí tí wọ́n fi nu ilẹ̀. Ìyàwó wa ní ọwọ́ mi ni.

"Àǹtí, ẹ ò ṣan aṣọ dáadáa mọ́."

"Èmi kọ́? Ọṣẹ ẹdínwó tí o lọ rà yẹn ńkọ́?"

Ọ̀rọ̀ di ìjà, a yan ara wa lódì. Ẹ̀gbọ́n mi, tí omi wà níwájú rẹ̀, lọ ra ọṣẹ mìíràn wá láti fi parí ìjà.

Ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ àlejò ni ẹnjiníà tuntun dé. Obìnrin ni, kò lè ju àkọ́bí mi lọ. Yanrìn ṣì wà nínú àpò, òdòdó ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Kí ẹnikẹ́ni tó lanu, ó ti kó sínú ẹrẹ̀, bàtà ẹsẹ̀ kan sì há síbẹ̀. Ojú ti ẹ̀gbọ́n mi débi pé díẹ̀ ló kù kó dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ má bínú, màdámù. Ọ̀la la gbọ́ pé ẹ̀ ń bọ̀. Ká ní ọ̀la lẹ wá ni, ẹ ò tiẹ̀ ní rí èyí rárá."

"Bàbá, ṣé ẹ máa ń bò ó ni?"

"Lọ́dọọdún, màdámù!" Ó nà ró. Ó rò pé ẹni tó mọyì iṣẹ́ òun ló dé yìí.

Obìnrin yẹn bẹ̀rẹ̀, ó bu omi náà sátẹ́lẹwọ́, ó wò ó. Ó ní, "Ṣé bó ṣe máa ń rí nìyí?"

Ìyàwó wa gbà á lẹ́nu ọkọ rẹ̀. "Rárá o! Ó máa ń mọ́ tẹ́lẹ̀. Kí lẹ rò pé èmi àti àǹtí ń jà lé lórí? Wọ́n ní ọṣẹ mi ni." Ló bá sáré já ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ rẹ̀ lórí okùn wá, kí ìjọba lè dá ẹjọ́ wa.

Ẹnjiníà wo ṣẹ́ẹ̀tì yẹn, ojú rẹ̀ yí padà.

"Mà, iyẹ̀pẹ̀ inú dáàmù ló wà lára aṣọ yìí. Omi ń gbẹ́ inú ògiri yìí lọ, ó ń kó o jáde sínú báàkẹ́ẹ̀tì yín. Ọjọ́ tó bá gbẹ́ ẹ dé ọ̀dọ̀ adágún, orí ilé yìí ni gbogbo omi yẹn ń bọ̀. Ẹ máa kẹ́rù yín jáde báyìí. Bàbá, ẹ lọ ṣí ìlẹ̀kùn omi, ká fa adágún wálẹ̀."

Mo wo fèrèsé yàrá mi. Ibẹ̀ ni mo ti ń sùn, tí mò ń hanrun.

Ẹ̀gbọ́n mi pe Alága ẹgbẹ́ lórí fóònù. Ohùn Alága ń ta sí gbogbo wa létí: "Ọ̀túnla ni ìdíje ọkọ̀! O fẹ́ kí àwọn àlejò mi wa ọkọ̀ lórí ẹrẹ̀? Tí o bá fọwọ́ kan irin yẹn pẹ́nrẹ́n, o ti bá iṣẹ́ ẹ lọ nìyẹn!"

N kò rí i rí kí ẹ̀gbọ́n mi ṣàìgbọràn sí ọ̀gá. Ó wo ìyàwó rẹ̀, tó ń wọ́ bẹ́ẹ̀dì jáde lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Ẹ ṣeun, sà," ó sì ti fóònù bọ àpò. Alága ṣì ń pariwo nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀ bí a ṣe ń gun dáàmù lọ.

Irin róbótó dúró síbẹ̀, ó pupa, ó ń dán. Ẹ̀gbọ́n mi dì í mú, kò yí. Mo bá a dì í mú, kò mira.

Ẹnjiníà ní, "Bàbá, ìgbà wo lẹ yí i gbẹ̀yìn?"

"Màdámù, a kì í yí i. A máa ń kun ún ni."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Ẹ má bi mí. Ìbẹ̀rù ló ń pa mí lẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀. Ọ̀dà ọdọọdún, ọ̀kan lórí èkejì, ti lẹ irin yẹn mọ́ ìdí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi gbé òòlù, ó ń lù ú, ọ̀dà ń fò, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ń bẹ irin bí ẹni ń bẹ èèyàn. Nígbà tí ìyàwó wa dé, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rọ̀ mọ́ ọn, ó ké gbìràmù, ó yí, omi sì tú jáde sínú odò nísàlẹ̀. Ká tó gbé ojú sókè, àwọn ọkọ̀ tí wọ́n so mọ́ etí adágún ti ń dùbúlẹ̀ lórí ẹrẹ̀.

Ògiri ò wó. Ìyẹn gan-an ló dá wàhálà sílẹ̀. Ẹgbẹ́ pèpàdé, wọ́n ní ẹ̀ṣẹ̀ méjì ni ẹ̀gbọ́n mi ṣẹ̀: ó tú omi láìgbàṣẹ, kò sì tètè tú u. Mo dìde, mo ní kí wọ́n mú ọ̀kan nínú méjèèjì. Alága ní àwọn mú méjèèjì. Wọ́n lé e, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún Alága pé ó fi ọgbọ́n dáàbò bo ẹ̀mí àwọn èèyàn. Inú bí mi débi pé mi ò lè jẹun lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́ tí à ń kó kúrò nílé, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbẹ́ dáàmù láti inú adágún gbígbẹ ránṣẹ́ pe ẹ̀gbọ́n mi pé kó wá wo nǹkan. Mo tẹ̀ lé e. Ihò kan tí omi ti gbẹ́ ni wọ́n ṣí láàárín ògiri. Ó bẹ̀rẹ̀ wọlé, ó sì nà ró nínú ẹ̀ tòun ti fìlà. Èmi náà yọjú wọlé. Òkùnkùn ni, ó tutù. Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ kan iyẹ̀pẹ̀ ìpẹ̀kun rẹ̀, níhà ilé wa.

Ohùn ìyàwó wa dún níwájú wa gan-an, bí ẹni tí a jọ dúró. Yàrá mi ló wà, ó ń bá mi di ẹrù.

"Bàbá wọn o! Oúnjẹ ti ń tutù!"

Èmi ni mo dáhùn pé a ń bọ̀.

Ìyàwó wa ní, "Àǹtí, ṣé inú yàrá níbí lẹ wà ni?"